Kámẹ́rà oníwáyà àbí ti wáìfáì? Ilé ò tíì parí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Baba Àkóbọ̀
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló gbé mi dé. Mò ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn níbí, búńgálò oníyàrá mẹ́rin àti BQ lẹ́yìn, a ti kan páànù, wọ́n ti rẹ́ inú, ìta ò tíì rẹ́, sílíìnì náà ò tíì sí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn kan fo fẹ́ǹsì wọlé lóru, wọ́n kó rólù wáyà iná méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lórí kànga, wọ́n tún jẹ ẹ̀bà tí mẹ́gáàdì gbé pamọ́. Mẹ́gáàdì lóun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dáa.

Oníkámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo pè ní kí n ra ti wáìfáì mẹ́fà, pé kò ní wàhálà, láàárín wákàtí méjì òun á ti kàn án tán. Èkejì ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fẹ́ jẹ owó mi ni, oníwáyà ni kí n ṣe, ó wá kọ iye tó máa gbà sórí bébà, mo kà á tán mo lọ mu omi. Láti géètì dé yàrá tí mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sí tó mítà 45, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Iná tiwa kì í pé wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èwo ni kí n gbà?

Ṣọlá T
Wáìfáì ni jàre. Mo ní mẹ́ta nílé, ó ti lé lọ́dún kan. Mo rà á, mo fi app sórí fóònù, mo fi ṣíkúrúù kàn án mọ́ra, ó parí. Ìgbà míì á ní òun ò rí ráútà, mo kàn máa pa á kí n tún tàn án ni. Ṣé torí olè ajẹ̀bà lẹ ṣe fẹ́ gbẹ́ gbogbo ògiri?

Oníwáyà Ìkẹjà
Bọ̀ọ̀dá Àkóbọ̀ ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀ torí orúkọ "wáyálẹ́ẹ̀sì" yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Kámẹ́rà wáìfáì tó bá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, iná ló ń jẹ, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí wáyà iná ò ní dé ìdí ẹ̀. Wáyà tó ń gbé àwòrán nìkan lẹ yọ kúrò. Tí ẹ bá ti wá máa fa wáyà iná dé géètì lọ́nàkọnà, kí ló dé tí ẹ ò fa ọ̀kan tó máa gbé méjèèjì? Ìyẹn là ń pè ní PoE. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, Cat5e tàbí Cat6, ló ń gbé iná lọ tó tún ń gbé àwòrán bọ̀. Láti 2003 ló ti ní òfin tiẹ̀, wáàtì 15.4 lojú ihò kọ̀ọ̀kan lè tì jáde, kámẹ́rà ilé lásán ò dẹ̀ sábà jẹ tó ìdajì ìyẹn. Mítà 100 ló mọ, tiyín jẹ́ 45, ẹ ti là.

Ti àtijọ́ náà ṣì wà, èyí tó ń lo wáyà bíi ti tẹlifíṣàn tó ń lọ sínú DVR, ẹ̀rọ tó ń gba fídíò ẹ̀ sílẹ̀. Kò burú, ó dínwó, àwòrán ẹ̀ náà ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ iná ẹ̀ ní wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, fólútì 12 ni, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n á pè mí pé kámẹ́rà géètì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, tó bá ti di aago méje alẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú á máa jí. Oníbàárà mi kan tiẹ̀ ní àwọn ayé ni. Kì í ṣe ayé o. Tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn gílóòbù kéékèèké tó yí ojú kámẹ́rà ká á tàn, èyí tí ojú èèyàn ò lè rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, iná tó ń jẹ á ròkè, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi fa mítà 40 ò dẹ̀ lè gbé e, fólútì 12 á ti di 9 kó tó dé ọ̀hún, kámẹ́rà á kú, bó ṣe kú báyìí gílóòbù náà kú, ẹrù á fúyẹ́ lórí wáyà, fólútì á padà sókè, kámẹ́rà á tún jí, gílóòbù á tún tàn. Bó ṣe máa ṣe é mọ́jú nìyẹn. PoE ń gbé fólútì bíi 48 lọ ni, ìyẹn ni kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti wáìfáì, ẹ̀rọ yẹn ò lẹ́bi, ilé wa ni ò gbà fún un. Ilé onípákó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí pé ó ń lọ jìnnà. Tiwa, búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án, òpó kọnkéré tí irin kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, irin lójú wíńdò, páànù lókè. Ògiri méjì péré ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ìgbì wáìfáì 5 gígà tàn yín pé òun ló yára jù, ó yára lóòótọ́ àmọ́ ògiri tètè ń pa á. 2.4 ló ń la ògiri kọjá díẹ̀, òun náà dẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń lò, ọ̀nà mẹ́ta tí kì í kọ lura wọn ló wà nínú ẹ̀, 1, 6 àti 11. Kámẹ́rà mẹ́fà tó ń rán fídíò láìsinmi, ọmọ yín tó ń wo bọ́ọ̀lù, ráútà aládùúgbò mẹ́rin, gbogbo wọn á jọ máa tì ara wọn lójú ọ̀nà kan.

Ayálégbé Súrùlérè
Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ àwa tí lándìlọ́ọ̀dù ò jẹ́ ká kan ìṣó mọ́ ògiri ńkọ́? Fúláàtì ni mo wà, òkè kejì. Ti wáìfáì ni mo rà, mo fi gọ́ọ̀mù alápá méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́lòmíì fi kọ́gbọ́n. Òru ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ láago kan, ráútà kú. Kámẹ́rà ní bátìrì nínú, kò kú, ó ń gba fídíò sínú káàdì tó wà nínú ẹ̀. Mo ti máa ń yin ara mi pé mo gbọ́n tí mo ra oníbátìrì. Olè gòkè wá, ó wo kámẹ́rà lójú, kámẹ́rà wò ó lójú, ó yọ ọ́ kúrò lára férémù bí ẹni já máńgòrò, ó kó o sápò, ó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo fídíò tó fojú ẹ̀ hàn kedere wà nínú káàdì, káàdì wà nínú kámẹ́rà, kámẹ́rà wà lápò ẹ̀. Bàtà ilé ìwé ọmọ mi ló tún mú lọ.

Ní báyìí mo ti ra UPS kékeré kan sí ìdí ráútà, fólútì 12, kò tóbi ju bíríkì ọṣẹ lọ, ó ń gbé e wákàtí mẹ́rin dáadáa, fídíò dẹ̀ ń lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mò ń sanwó ibi ìpamọ́ yẹn lóṣooṣù, ó ń dùn mí, àmọ́ ó sàn ju kí n tún ra bàtà lọ.

Ṣọlá T
Já máńgòrò kẹ̀ 😂😂 àǹtí ẹ pẹ̀lẹ́ o

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Ẹ kú àsìkò yìí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé àwọn òbí mi n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo ṣe tèmi sí, ìṣòro tèmi ni bí màá ṣe máa rí i láti ibí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pò pọ̀ ni pé wọ́n rò pé kámẹ́rà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníwáyà tó ń lọ sínú NVR, ẹ̀rọ tó ń gba fídíò PoE sílẹ̀, ò nílò dátà rárá láti gba fídíò sílẹ̀, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wò ó láti ìta nìkan lẹ nílò ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún lè lọ ọjọ́ mẹ́ta, tó bá dé mo máa padà lọ wo ti ọjọ́ Ẹtì. Mo dẹ̀ máa ń wo èyí tí àwòrán ẹ̀ kéré, tí mo bá rí nǹkan tó fu mí lára ni mo máa ń ṣí èyí tó mọ́ kedere, dátà ò tán bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ti kọ́kọ́ ní kí n ṣí port, ìyẹn ọ̀nà tí mo máa gbà wọlé láti ìta, lára ráútà onísíìmù, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì bá a jà lórí asán. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń kó èrò rẹpẹtẹ sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, tí ẹ bá kànlẹ̀kùn láti ìta kò mọ ilé tó máa ṣí. App tó bá NVR wá, tí wọ́n ń fi QR code so pọ̀, òun ni ẹ lò.

Àmọ́ gbogbo ìmọ̀ yìí, màámi ló borí ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ojoojúmọ́ kámẹ́rà á kúrò lórí fóònù mi, á padà dé láago mẹ́fà àárọ̀. Mo rán oníṣẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó gba owó ọkọ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ọ̀sán ló kúkú ń lọ. Ìgbà tí mo délé fún Kérésì ni mo rí i fúnra mi. Yàrá màámi ni wọ́n gbé ráútà sí torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa jù. Wọ́n ní iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀ ò jẹ́ káwọn sùn, pé ó dà bí ojú ológbò, alaalẹ́ ni wọ́n dẹ̀ ń yọ ọ́ lára ògiri, wọ́n á ká wáyà ẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ bá máa gbé ẹ̀rọ sí, kó má jẹ́ ibi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn tó.

Àìgbàgbọ́
Gbogbo yín ń yin wáyà. Tí olè bá gé e ńkọ́? Pílíásì kan péré.

Oníwáyà Ìkẹjà
Ó lè gé e lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wáyà ò fi gbọ́dọ̀ hàn síta. Inú páìpù, inú ògiri, kó jáde lẹ́yìn kámẹ́rà gan-an. Tó bá wá rí i gé náà, gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí kó tó kú ti wà nínú NVR nínú ilé, ojú ẹni tó gbé pílíásì wá lá dẹ̀ gbẹ̀yìn níbẹ̀. Kí kámẹ́rà kejì tún máa wo àkọ́kọ́. Wáìfáì náà ṣeé gé o, kò tiẹ̀ gba pílíásì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń purọ́ fún kámẹ́rà pé ráútà ní kó jáde, á jáde, á tún wọlé, wọ́n á tún lé e. WPA3, ààbò wáìfáì tuntun, ló ń dènà ìyẹn, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ò dẹ̀ ní in. Mi ò tíì pàdé olè tó ṣe é ṣá. Tiwọn ò le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Eku ló ń gé wáyà ju olè lọ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí míì nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ páìpù.

Baba Àkóbọ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Èkejì tó kọ owó sí bébà, wáyà nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdámẹ́ta owó náà. Mo wá rí ẹlòmíì tó ní Cat6 tòun, rólù mítà 305, ìdajì iye yẹn ni. Kí ló fa ìyàtọ̀?

Oníwáyà Ìkẹjà
Háà, ẹ má tíì sanwó! Ní Alaba àti Computer Village méjèèjì máa ń wà lórí káńtà kan náà, páálí wọn jọra bí ìbejì. Ẹ ní kó gé díẹ̀ fún yín, ẹ bó o, ẹ fi abẹ ha wáyà inú ẹ̀. Tó bá pupa dénú, kọ́pà ni. Tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, àlùmíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà kùn ún lára bíi wúrà ayédèrú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ti àlùmíníọ̀mù tètè ń kán. Ẹ gbé páálí méjèèjì dání náà, ọwọ́ yín á sọ fún yín, èyí tó fúyẹ́ yẹn ni. Fún kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ní kó máa gbé iná PoE lọ sí géètì, á máa gbóná, iná á máa jò dànù lójú ọ̀nà, ìtàn kámẹ́rà tó ń kú lálẹ́ yẹn ni ẹ máa padà bá.

Tíṣà Físíìsì
Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ torí mo rí i pé ẹnu lẹ fi ń jà. Kámẹ́rà 1080p tó ń rán mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á kọ gígábáìtì 21.6 lóòjọ́. Ká ní márùn-ún ni, 108 nìyẹn. Háàdì dísìkì tẹ́rábáìtì 1 á gbà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, 2 á lé ní ọjọ́ 18. Tí kámẹ́rà bá ní H.265, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè, tí ẹ dẹ̀ yàn án, ó lè dín in kù tó ìdajì.

Iná ló ṣe pàtàkì jù fún Bàbá o, mi ò mọ̀dí tí ẹnikẹ́ni ò fi kọ́kọ́ sọ ọ́. Kámẹ́rà márùn-ún, wáàtì 6 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 30. NVR bíi 15. Ráútà bíi 10. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 55. Bátìrì fólútì 12 tó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtí 1200 ló wà nínú ẹ̀ lórí bébà, àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn tó ń lo òjé, ìdajì ni kẹ́ ẹ fà tí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè kú, ẹ yọ ti ínfátà fúnra ẹ̀ kúrò, ó kù bíi 500. Wákàtí mẹ́sàn-án. Iná yín ò pé wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ó kéré tán wákàtí 14 wà lọ́rùn yín, ẹ fi bátìrì kejì tàbí páànẹ́lì sólà kan kún un.

Ibí yìí ni oníwáyà ti na wáìfáì. Pẹ̀lú PoE ibì kan ṣoṣo ni iná ti ń jáde, ẹ gbé NVR sórí ínfátà, gbogbo kámẹ́rà ilé yẹn ti wà lórí ínfátà, títí dé géètì. Pẹ̀lú wáìfáì kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ẹ máa fa ínfátà dé igun mẹ́fà ilé, ẹ tún máa rántí ráútà.

Àìgbàgbọ́
Onísólà ńkọ́? Kò ní wáyà kankan.

Ayálégbé Súrùlérè
Màmá ọ̀rẹ́ mi lò ó lóko. Ó dáa fún ibi tí iná ò dé rárá, àmọ́ ó máa ń sùn kí bátìrì má bàa tán, tí nǹkan bá kọjá níwájú ẹ̀ ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kó tó lajú tán ẹni náà ti yíra padà, ìpàkọ́ ni wọ́n sábà máa ń rí. Lásìkò ọyẹ́ eruku bo páànẹ́lì ẹ̀ pátápátá, ẹnì kan ní láti máa gun àkàbà lọ nù ún.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣun
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ra kámẹ́rà, ibi tó ń wò ni kẹ́ ẹ tún mójú tó. Aládùúgbò mi kọjú tiẹ̀ sí ibi tí mo ń sá aṣọ sí, mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kò ń wò mí. Kí ló wá ń wò?

Tíṣà Físíìsì
Ẹ tún pààrọ̀ password tó bá a wá lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ì báà jẹ́ wáyà ì báà jẹ́ wáìfáì. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kàn ń wọ kámẹ́rà àti DVR káàkiri ayé pẹ̀lú password ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yí padà ni, wọ́n wá fi àwọn kámẹ́rà yẹn kọ lu íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ sáìtì ńlá ò ṣeé ṣí lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni kámẹ́rà ò mọ̀ rárá.

Baba Àkóbọ̀
Ẹ ṣé o, ẹ ti là mí lójú. Ohun tí mo rò rèé: oníwáyà márùn-ún, géètì méjì, igun ilé mẹ́ta. BQ ti rẹ́ ó ti kùn, mi ò lè gbẹ́ ẹ mọ́, ìyàwó mi á pa mí, wáìfáì kan ni màá fi síbẹ̀, iná ínfátà kúkú ti dé ọ̀hún. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá rẹ́ ìta. Kí ni kí n rí i dájú kó tó bo ògiri?

Oníwáyà Ìkẹjà
Ọjọ́bọ̀ ti sún mọ́ o. Páìpù mìlímítà 25 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo 20, ẹ máa fẹ́ fa nǹkan míì lọ́la. Ẹ fi okùn ọ̀rá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ so ó lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kí wáyà NEPA má wọ páìpù kan náà pẹ̀lú ti kámẹ́rà. Ẹ fa Cat6 mẹ́ta dé géètì, méjì fún kámẹ́rà, kó lé ní ọ̀kan, torí tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ kò sẹ́ni tó máa tún ilẹ̀ hú. Èyí tó gba inú ilẹ̀ yẹn, kí ó jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún ìta, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gba àrá sí ìdí ẹ̀ kó ní áàtì gidi, àrá ò ní láti sán lu ilé yín kó tó sun ojú ihò NVR, mo ti pààrọ̀ púpọ̀ lásìkò òjò àkọ́rọ̀. Tí bíríkìlà bá ti fẹ́ dà á bò, ẹ na tépù sára ògiri kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀.

Ti BQ, ẹ gbé ráútà sún mọ́ wíńdò tó kọjú sí i, tí app bá fi àmì méjì tàbí kó dín hàn yín, ẹ má tíì kàn án, ẹ sún un kiri. Kí ó má sí lábẹ́ páànù tí aláǹtakùn fẹ́ràn o, tó bá tàn lálẹ́ okùn aláǹtakùn á funfun bo gbogbo ojú ẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Baba Àkóbọ̀
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Màá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mẹ́gáàdì ti ń béèrè o, pé ṣé kámẹ́rà á máa wo òun náà.

Ṣọlá T
Ẹ ní ìkòkò ẹ̀bà ẹ̀ ni.